Ẹ jẹ́ kí ẹni tuntun fúnra ẹ̀ rán sójà ẹ̀

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí nǹkan kan ti ń jẹ mí lọ́kàn tí mi ò rójútùú ẹ̀ bọ̀rọ̀. Géèmù ogun orí tábìlì la máa ń ta, èyí tí wọ́n ń fi sójà ìṣeré kéékèèké àti dáìsì ta. Obìnrin tí wọ́n nà ní ìnàkunà lórí tábìlì wa, tí gbogbo sójà ẹ̀ ṣòfò, òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń béèrè pé ìgbà wo la tún máa ta á. Àwọn tá a ti ń ràn lọ́wọ́ ṣáájú ẹ̀ wá ńkọ́, àwọn tá a tọ́ sọ́nà lẹ́sẹẹsẹ títí wọ́n fi wín? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní ó mà dùn o, wọ́n gba nọ́ńbà wa, ó parí síbẹ̀. Téèyàn bá pè wọ́n lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n á ní àwọn ní òde lọ, lọ́sẹ̀ kẹta wọ́n á ní mọ́tò àwọn bàjẹ́, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin ìwọ náà á ti gbọ́n, wàá fi wọ́n sílẹ̀.

Warhammer 40,000, géèmù ogun ọjọ́ iwájú tó jìnnà réré, la máa ń ta jù, nínú pálọ̀ ọ̀rẹ́ wa kan ní Gwarinpa, ní Abuja, lọ́jọ́ Sátidé. Tábìlì oníke méjì, pátákó kan lórí ẹ̀, fóòmù funfun tó máa ń bá tẹlifíṣọ̀n wá nínú páálí la gé tá a kùn láwọ̀ eérú, ìyẹn làwọn ilé tó wó. A ò pọ̀. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wa, torí ọ̀rẹ́ ló ń fa ọ̀rẹ́, nínú ìlú tó jẹ́ pé kálukú ló ti ibòmíì wá, tí Sátidé máa ń gùn gan-an béèyàn ò bá ní ẹbí nítòsí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹni tuntun fi ká wa lára. Kọ́pà á sìnrú ìlú tán, á lọ. Wọ́n á gbé òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sí ìpínlẹ̀ míì. Tí ẹni tuntun ò bá wọlé, tábìlì máa ṣófo ni.

## Owó kọ́

Kí n tètè yọ ọ̀rọ̀ owó kúrò lọ́nà, torí òun lẹnu gbogbo wa máa ń sáré lọ bá. Òótọ́ ni pé sójà Warhammer wọ́n, láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ kan ní Nottingham lọ́hùn-ún ló ti ń wá, ẹni tó bá fi náírà ra páálí ẹyọ kan tó tún sanwó ìfiránṣẹ́ ẹ̀ dé Abuja á mọ̀ lára pé òun ra nǹkan. Àmọ́ ẹni tuntun tó wá bá wa ò ra nǹkan kan ṣá. Sójà wa ló ń lò, dáìsì wa, tábìlì wa, tiẹ̀ ò ju owó ọkọ̀ láti Kubwa tàbí Lugbe lọ. Òfin ẹ̀ gan-an, ọ̀fẹ́ ni: nígbà tí ẹ̀dà kẹwàá jáde lọ́dún 2023, Games Workshop, iléeṣẹ́ tó ń ṣe é, gbé òfin ìpìlẹ̀ ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé wà á lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn One Page Rules, tí àwọn náà ń ṣe irú géèmù yìí, ní òfin ọ̀fẹ́ tó jẹ́ pé sójà yòówù tó bá wà lọ́wọ́ ẹ lo lè fi ta á. Ẹnì kan wà láàárín wa tó jẹ́ sójà páálí ló ń tà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí ike omi, ó sì ń fi wọ́n nà wá bó ṣe wù ú.

Tó bá jẹ́ owó ni, wọn ò ní wá rárá. Wọ́n wá. Wọn ò padà ni.

## Ìgbà tí NÉPÀ mú iná

Télọ̀ ni obìnrin tí mò ń sọ yìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Kubwa, àbúrò ẹ̀ ọkùnrin ló fà á wá. Ó ní òun kàn fẹ́ wá wo nǹkan tí àwọn baba ọlọ́mọ ń fi Sátidé ṣe ni. Ìgbà ọyẹ́ ni, eruku ti bo gbogbo fèrèsé. Òun àti kọ́pà kan la ní kí wọ́n jọ ta á, kọ́pà mú Space Marine, àwọn ọmọ ogun Ọba tó ń wọ ẹ̀wù irin, òun mú Ork, àwọn ẹ̀dá abàmì aláwọ̀ ewé, torí ó ní àwọ̀ ewé ara wọn jọ léèsì kan tó wà lórí máṣíìnì òun lọ́wọ́lọ́wọ́ (àbúrò ẹ̀ fọwọ́ bojú).

Ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é, òun ló mọ̀ ọ́n jù nínú wa, ó ti ń ta á látìgbà tó ti ń kàwé nílùú òyìnbó, òun la sì máa ń fa ẹni tuntun lé lọ́wọ́. Orí ìtàn ló ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe: Ọba kan wà tó jókòó sórí ìtẹ́ wúrà, kò kú kò yè, ó ti lo ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún lórí ìjókòó yẹn, ẹgbẹ̀rún àìmọye èèyàn ni wọ́n sì ń fi bọ ọ́ kí ẹ̀mí ẹ̀ má bàa bọ́. Obìnrin náà ń mi orí. "Ẹn-ẹ́n sà. Ẹn-ẹ́n." Ẹ̀gbọ́n kúrò níbẹ̀ ó bọ́ sórí òfin: wàá ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ọta bà á, wàá tún ju òmíì láti mọ̀ bóyá ó wọlé, ẹni tí wọ́n yìn á wá ju tiẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹ̀wù irin gbà á là. Gbogbo èyí, wọn ò tíì sún sójà kan.

Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀, bí ọwọ́ obìnrin yìí bá ti ń lọ sídìí sójà kan, ohùn Ẹ̀gbọ́n á ti débẹ̀ ṣáájú ẹ̀. "Rárá, kó àwọn yẹn sẹ́yìn ògiri." Ó kó wọn sẹ́yìn ògiri. "Àwọn yìí, kí wọ́n yìnbọn sọ́wọ́ ọ̀tún." Wọ́n yìnbọn sọ́wọ́ ọ̀tún. "Ẹ ṣé sà." Mo rí i tó yọ fóònù wò lábẹ́ tábìlì, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, mo ti rí i lára àwọn tó ṣáájú ẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi mú iná. Jẹnẹrétọ̀ ilé yẹn, Ẹ̀gbọ́n nìkan ló mọ ibi tí wọ́n ti ń dì í mú kó tó dáhùn, ló bá dìde. Ó ní ẹ dúró dè mí o, ẹ má ṣe nǹkan kan. A ká kọ́tìnì sókè, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wọlé, gbogbo wa dákẹ́. A ń gbọ́ ọ tó ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé.

Obìnrin yìí tẹjú mọ́ bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Kọ́pà, àwọn tèmi tó wà lẹ́yìn ògiri yìí, tí mo bá fẹ́ kí wọ́n lọ ká àwọn tìẹ mọ́bẹ̀ yẹn ńkọ́?" Ó nawọ́ sí àwọn Space Marine márùn-ún tó dúró lórí àmì àárín bọ́ọ̀dù, ibi tí tọ̀tún tòsì ń dù.

Kọ́pà ní, "Wọ́n lè rin íǹṣì mẹ́fà mà. Lẹ́yìn náà ẹ máa ju dáìsì méjì, iye tó bá jáde ni íǹṣì tí wọ́n á fi sáré kọlù wá."

"Íǹṣì?" Ọ̀rọ̀ dé ibi iṣẹ́ ẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó fojú wọn ilẹ̀, ó ní, "Tí wọ́n bá rin mẹ́fà, mẹ́jọ ló kù." Ó ṣí báàgì ẹ̀, ó fa tépù iṣẹ́ ẹ̀ yọ, èyí tí etí ẹ̀ ti ń ṣí, ó tẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn ògiri dé ìdí Space Marine tó ṣáájú. Mẹ́rìnlá géérégé. Kọ́pà bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé fún un pé wọn ò ní láti fara kan ara wọn, tí íǹṣì kan bá kù láàárín wọn ó ti tó, ìyẹn ni pé méje ló ń wá. Obìnrin yìí béèrè pé ṣé méje ń tètè jáde? Kọ́pà yìí ka ìṣirò nílé ìwé, ojú ẹ̀ tàn: nínú ọ̀nà 36 tí dáìsì méjì lè gbà jókòó, 21 ló máa fún yín ní méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mà. Ó fi díẹ̀ ju ìdajì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé wa o, ohun tí Ẹ̀gbọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ ni pé kí àwọn Ork mẹ́wàá yìí má yọjú, kí wọ́n dúró di ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá dé, kí wọ́n jọ ya bo ọ̀tá. Ìmọ̀ràn gidi ni. Èmi náà, ohun tí ǹ bá ṣe nìyẹn.

Obìnrin yìí wo ògiri, ó wo àmì àárín, ó tún wo ògiri. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn Ork jáde, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi tépù wọn ìrìn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó mú dáìsì méjì, ó mì wọ́n láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó pẹ́, ẹnu ẹ̀ ń mì, ó dà wọ́n sílẹ̀. Ọ̀kan dúró lórí 4. Ìkejì yí gbirigbiri lọ fara ti fóòmù, ó yí ẹ̀yìn padà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dúró lórí 2.

"Yéè! Ẹyọ kan!" Ó fọwọ́ gbá itan. Gbogbo wa pariwo pẹ̀lú ẹ̀. Àwọn Ork mẹ́wàá wà ní gbangba ìta, wọn ò dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọn ò sì lè padà sẹ́yìn ògiri.

Àsìkò yẹn gan-an ni jẹnẹrétọ̀ dáhùn, Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó ń nu ọwọ́ tó ní ọ́ìlì, ó rí bọ́ọ̀dù. "Ta ló kó àwọn wọ̀nyí síta? Áà, ẹ jẹ́ ká dá a padà, kò tíì bàjẹ́." Ó ti gbé Ork kan sókè nígbà tí obìnrin yìí rọra na àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ẹ̀ kó gbé e lé òun lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Èmi ni mo rán wọn."

Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó gbé Ork náà fún un. Kọ́pà ò ṣàánú, gbogbo ìbọn tó ní ló kọ sí wọn, mẹ́ta ló kù nínú mẹ́wàá. Bí obìnrin yìí ṣe ń yọ òkú kọ̀ọ̀kan ló ń tò wọ́n sétí tábìlì, ó sì ń béèrè pé, "Èyí ńkọ́, kí ló pa á? Ibo ni ìbọn yẹn ti wá?" Tó bá jẹ́ pé ó ti gbọ́ àlàyé dáìsì ẹlẹ́ẹ̀mẹta yẹn ní wákàtí kan sẹ́yìn, ìgbà yẹn gan-an ló wọ̀ ọ́ létí, torí òkú tiẹ̀ ló fi ń kọ́ ọ. Kò tún wo fóònù mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

## Ìmọ̀ràn tó ti di àṣẹ

"Èmi ni mo rán wọn." Gbólóhùn yẹn ni mò ń gbé kiri látìgbà yẹn.

Ohun tí mo rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí wa nìyí. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, tí ẹni tó jù ọ́ lọ bá ní "ó yẹ kó o gbé e síbí," kì í ṣe àbá lo gbọ́ yẹn, ẹ má tan ara yín. Ó lè pè é ní ìmọ̀ràn, ó sì lè fi ẹ̀rín sọ ọ́, àmọ́ ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tuntun tó wọlé onílé, tó mu zóbò onílé, tó wá sọ fún àgbà pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ó máa ní ẹ ṣé sà ni. Á sún sójà. Tí sójà yẹn bá pa mẹ́wàá, Ẹ̀gbọ́n ló pa wọ́n. Tó bá kú, Ẹ̀gbọ́n ló kú. Òun kàn bá wọn gbé e láti ibì kan dé ibì kan ni, owó ọkọ̀ ẹ̀ ló sì fi wá ṣe iṣẹ́ yẹn.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú á wo ẹ̀yìn. Obìnrin yẹn ṣubú, ó wẹ̀yìn, ó rí ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kọ, ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ padà wá. Ẹni tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló bá a rìn in, tó bá ṣubú, ẹ̀yìn wo ló fẹ́ wò?

Àwọn kan á ní àṣà wa ni pé kí ọ̀pẹ, ìyẹn ẹni tí kò tíì mọ ayò ta, panu mọ́ níwájú ọ̀ta tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n á rán yín létí bí wọ́n ṣe ń kí àwọn tó ń ta ayò lábẹ́ igi: "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ." Wọ́n á sì dáhùn pé "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn." Ó dáa. Ẹ tún wá rántí bí ayò yẹn ṣe ń lọ. Wọ́n lè fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, àwọn èrò ìwòran lè máa pariwo lé e lórí, ẹni tó ń nà án lè máa kọrin bú òun àtàwọn ará ilé ẹ̀, àmọ́ ọmọ ayò 48 tó wà nínú ọpọ́n, kò sẹ́ni tó ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti bá ọ̀pẹ ṣa tiẹ̀. Òun ló máa kó o, òun ló máa pín in káàkiri, tó bá sì kó èyí tí kò dáa, òun náà ló kó o. Àwa ò fi ẹni tuntun ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, a níwà ọmọlúwàbí, zóbò wa tutù. Ọwọ́ la kì bọ ọpọ́n.

## Òfin ni ká bá wọn rù

Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n padà lọ ka bí géèmù ogun ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí von Reisswitz, ọ̀dọ́ ọ̀gá sójà ní Prussia, ìjọba àtijọ́ kan nílẹ̀ Jámánì, gbé tiẹ̀ jáde lọ́dún 1824, orí máàpù ni wọ́n ti ń ta á, rẹfirí kan sì wà láàárín. Àwọn tó ń ta á á kọ àṣẹ wọn fún rẹfirí, pé kí ẹṣin wa gba etí odò, kí ìbọn ńlá gun òkè yẹn, rẹfirí ló máa ju dáìsì, òun ló máa ṣírò iye tó kú, òun ló máa sún àmì. Nígbà tó di 1876, ọ̀gágun kan láàárín wọn, Verdy du Vernois, tiẹ̀ ní òfin yẹn ti pọ̀ jù, kí rẹfirí tó mọ ogun jíjà máa fi òye dájọ́. Ẹ wo bó ṣe rí: èèyàn lè jókòó sídìí ẹ̀ láìmọ òfin kan, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bá a pinnu. Tiwa wá yí padà, a di gbogbo òfin lé ẹni tuntun lórí, a wá gba ìpinnu lọ́wọ́ ẹ̀.

H.G. Wells, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ńkọ́, tó gbé òfin sójà ìṣeré tiẹ̀ jáde ní 1913? Kò sí pé à ń ju dáìsì fún ìbọn, ìbọn ńlá kékeré onísípíríǹgì ló fi ń ta igi lu sójà, èyí tó bá wó ló kú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ á ti mọ̀ ọ́n kí tíì tó tutù. Mi ò ní ká padà síbẹ̀ o, tábìlì Ẹ̀gbọ́n ò lè gba igi.

Bá a ṣe ń ṣe é báyìí, rẹfirí ni Ẹ̀gbọ́n. Sójà márùn-ún, mẹ́fà lápá kọ̀ọ̀kan, àmì kan láàárín, kò sí ìtàn Ọba títí ẹni tuntun fúnra ẹ̀ á fi béèrè pé ta nìyí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Ẹ̀gbọ́n láṣẹ láti bi í: kí lo fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ohun tó bá sọ, Ẹ̀gbọ́n á sọ dáìsì tó máa jù, á sì sọ bó ṣe lè rọrùn tó tí wọ́n bá bi í. A kì í dá nǹkan padà àfi tí ẹni tuntun bá ní ká dá a padà. A kì í mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó wín, torí kọ́pà gbìyànjú ìyẹn pẹ̀lú ọmọ kan báyìí, ọmọ yẹn wò ó lójú, ó ní "Uncle, ẹ̀ ń fún mi ni," ó sì kúrò nídìí ẹ̀.

Kì í ṣe pé ká kàn dákẹ́ ká máa wò ó níran náà o. Bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba wá lẹ́yìn ìgbà yẹn, a bi í pé kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe sà, ó wò wá, kò sọ̀rọ̀, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ó ní, "Mi ò mọ ohun tó ṣeé ṣe." Òótọ́ ni, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mú ohun tí kò mọ̀ pé ó wà nílẹ̀? A wá sọ fún un: wọ́n lè sá pa mọ́, wọ́n lè yìnbọn láti ibi tí wọ́n wà, wọ́n lè sáré lọ bá wọn jà. Ọ̀nà mẹ́ta. Gbogbo wa panu mọ́. Ó ronú, ó pẹ́, ó ní kí wọ́n sá pa mọ́. Mo bojú wo Ẹ̀gbọ́n, ẹnu ń yún un gan-an, àmọ́ ó gbé omi mu.

## Ẹ̀gbọ́n ò tíì gbà

Mo gbọ́dọ̀ sọ tiẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n ní obìnrin kan ṣoṣo tó lágídí ni mo fi ń sọ̀rọ̀, pé irú ẹni yẹn, bá a tiẹ̀ lé e dànù á padà wá. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé tí wọ́n bá jẹ ìyà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó tán, ó sì fi òwe lé e, pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ní Ẹ̀gbọ́n, orí ọmọ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ tún ṣe, wọn ò ní kẹ́ ẹ gba ọmọ gbé lọ. Ó rẹ́rìn-ín, kò gbà. Ó sì ní ẹ̀rí tiẹ̀ náà: bàbá òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn ò tíì padà wá, ó lè wá, ó lè má wá. Télọ̀ lèmi rí, òun náà ló bà mí lẹ́rù díẹ̀ pé ká má fi ìwà ẹnì kan ṣe òfin fún gbogbo ayé. Àmọ́ kí àwọn èèyàn má padà torí wọ́n ta á, kò wù wọ́n, mo lè fara mọ́ ìyẹn. Kí wọ́n má padà torí a ò jẹ́ kí wọ́n ta á, ìyẹn ló ń bí mi nínú.

Télọ̀ ní tiẹ̀ ti di ará ilé. Ó kó àjákù aṣọ aláwọ̀ ewé wá láti ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn la fi ń ṣe igbó báyìí, òun àti Ẹ̀gbọ́n sì ti ń jà lórí tépù, ó ní tépù onírin Ẹ̀gbọ́n ń dá sójà òun wó nígbàkigbà tó bá fò padà, tòun a máa rọ̀ yí igun ògiri. Gbogbo wa ti ra irú tiẹ̀.

Sátidé tó ń bọ̀, ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Wuse máa mú àwọn ọmọ ẹ̀ méjì wá. Kill Team, àbúrò Warhammer, la fẹ́ kí wọ́n ta, torí sójà ẹ̀ ò pọ̀, ó sì tètè ń parí. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ọmọdé máa fẹ́ràn ìtàn Ọba orí ìtẹ́ wúrà. A dìbò, a fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, kọ́pà ló máa di aago mú.